Èèkàn Ẹ̀bá Sàréè

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí Adérìbigbé biríkìlà, àmọ́ ọ̀wọ̀ òkú bò ó lójú.

Mojírayọ̀ ló ní kó bá òun kọ́lé sínú ọgbà bàbá òun tó ti dolóògbé. Nígbà tí Adérìbigbé ta okùn ìpìlẹ̀, okùn náà gba etí sàréè bàbá kọjá. Ó ṣí fìlà, ó fa èèkàn tu, ó sì yẹ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Láṣebìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún igun yìí wọ̀n. Ẹsẹ̀ mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Bí ìdábùú láti ìparí ọ̀kan dé ìparí èkejì ò bá jẹ́ márùn-ún géérégé, igun ti wọ́ nìyẹn."

"Ìbú àtẹ́lẹwọ́ lásán? Bá a bá rẹ́ ògiri, á bò ó."

Ọjọ́ tí káfíńtà gbé igi òrùlé dé, igi kò kan ògiri ní ìpẹ̀kun. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀bá sàréè ti di odindi ìgbésẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

Mojírayọ̀ béèrè ohun tó fà á, Adérìbigbé sì jẹ́wọ́. Obìnrin náà wo sàréè, ó wá kọjú sí biríkìlà.

"Ilẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn, ọ̀gá. Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, à bá sún odindi ilé."

Ohun tí Adérìbigbé ì bá fi ọwọ́ kan tún ṣe nígbà tó wà lórí okùn, òòlù ló ń béèrè báyìí. Ó ṣí fìlà bíi tọjọ́sí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́.