Ọdẹ́níran Tó Ru Òkú Oṣù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ kú ojú lọ́nà oṣù. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi eré sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín sinmi, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Èmi ni Ọdẹ́jìmí, ọmọ ọdẹ tí í rí ẹfọ̀n tí kì í yà fún un, ọmọ afigbó-dúdú-ṣe-yàrá, ọmọ abìbọn-gígùn tí ìró rẹ̀ ń jí ará oko. Kò sí ẹranko kan nínú igbó yìí tí ìdílé wa kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó bí ìyá mi ni: Ọdẹ́níran, bàbá àgbà mi, àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé òkè ńlá dí abúlé wa lójú níhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oṣù tuntun ti ń yọjú. Bí oṣù bá lé, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò tó wà lódìkejì òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí i. Wọn á hó yèè, ariwo wọn á dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ojú tiwa kì í tó o títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tí à ń ṣe tí a kì í bi oṣù. Òun ni àgbẹ̀ ń wò kó tó sọ irúgbìn sílẹ̀, òun ni aláboyún fi ń ka oyún rẹ̀, òun ni àwọn ọmọdé ń dúró dè kí wọ́n tó jáde ṣeré, òun náà ló sì ń ru wèrè sókè tó tún ń mú un rọlẹ̀. Ní ti ọdẹ, òkùnkùn ni tirẹ̀, nítorí ẹranko ń rí ọdẹ nínú òṣùpá ju bí ọdẹ ti ń rí i lọ.

Àmọ́ alẹ́ kan wà tí a kì í yìnbọn, alẹ́ ọjọ́ tí oṣù kú tí wọ́n ń ru òkú rẹ̀ gba inú igbó lọ sílé. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní okùn tó fi ń ka ọjọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ tí oṣù bá lé ni yóò ti máa ta kókó kan lójúmọ́, bí kókó bá sì di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, yóò fi ìbọn kọ́ ara ògiri.

Nínú oṣù tí mo ń sọ yìí, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú Àwẹ̀ró. Ẹ̀gúsí ló ń bó lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà nígbà tó gbọ́ tí wọ́n hó lẹ́yìn òkè, ó sì wọlé sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó ta kókó. Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ni o, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ ju ìbọn rẹ̀ lọ.

“Ojú ni mo fi ń ṣọdẹ, n kò fi ariwo ará Ìsàlẹ̀-Odò ṣe é. Oṣù tí n kò bá tíì rí, kò tíì lé.”

Ọjọ́ kejì ló tó ta kókó rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, ìkùukùu òjò bo ojú ọ̀run, kò sẹ́ni tó lè wòkè kó mọ ibi tí oṣù dé. Kókó okùn rẹ̀ pé méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ní ó ku ọ̀la, ó gbé ìbọn, ó lọ wá ẹran tí wọn yóò fi sọmọ lórúkọ. Ó rí ẹtu funfun kan tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó gbé nǹkan sẹ́yìn. Ó yìn ín. Ẹtu ṣubú, ó wá a títí kò rí i, gbogbo igbó sì dákẹ́, títí kan ìrẹ̀.

Oṣù kò lé mọ́. Oṣù kìíní, ìkejì, ìkẹta, a kò gbọ́ kí ará Ìsàlẹ̀-Odò hó. Irúgbìn gbẹ sínú akèrègbè, nǹkan oṣù àwọn obìnrin dúró, wèrè tó ti ń pariwo nígbà náà kò sinmi, ohùn rẹ̀ há, ó ṣì ń pariwo. Ní ti Àwẹ̀ró, ọmọ ń yí nínú rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò dàgbà, kò sì bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ funfun. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́níran gan-an. Ó gun òkè lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò, ó tẹ́ okùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ okùn olórí ọdẹ ibẹ̀. Tiwọn fi kókó kan ju tirẹ̀ lọ: alẹ́ tí oṣù kú gan-an ló yìnbọn. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́, ó kọrí sígbó.

Ó rìn títí ó fi dé ibi tí igi ti ń fi gbòǹgbò wòkè. Níbẹ̀ ló ti pàdé Elétí-Mẹ́fà, tó ń gbọ́ ohun tí ènìyàn kò tíì sọ. Ó pàdé Agbórí-sáyà, tó ń jẹun láti ìdodo. Ó pàdé àwọn Arìnfẹ̀yìn, tí wọ́n ń wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ bí wọ́n ti ń lọ, tí ẹkún kì í sì í tán lójú wọn. Ó pàdé Ọ̀pá-Eegun, tí ara rẹ̀ ń dún pẹkẹpẹkẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ọ̀pá-Eegun dí i lọ́nà, ó ní, “Apani-má-kàá, kókó mélòó ló kù nínú okùn ẹ̀mí rẹ?” Ọdẹ́níran dá a lóhùn pé, “Èyí tó kù tó láti fi dì ọ́ bí ìdì igi ìdáná.” Wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ṣú, bàbá àgbà mi sì fọ́ ọ yángá.

Létí odò kan tí kò ṣàn, ó bá ìyá arúgbó kan tó jókòó ti agbada òfìfo. Alágbàtọ́ Oṣù ni. Lódìkejì odò, òkú oṣù nà gbalaja lábẹ́ igi àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹtu funfun tó ń rù ú lọ sílé. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Ìyá arúgbó ní, “Àwọn ènìyàn yín a máa pa á lówe pé oṣù lé, wọ́n ní kò gún, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o tún un ṣe. Ọwọ́ rẹ ti tó o, Ọdẹ́níran. Lọ rù ú wá, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n tún un bí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rù ú lẹ́ẹ̀kan ti di arù-ú nìyẹn. Bó bá ti ń kú ni ojú rẹ yóò máa bá a kú, bó bá ti ń dàgbà ni ojú rẹ yóò máa bá a là.”

Ó la odò náà kọjá, ó rù ú. Ó tutù, ó wúwo bí ọlọ. Kó tó gbé e dé inú agbada, ojú rẹ̀ ti fọ́.

Bó ṣe táràrà dé etí abúlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni wọ́n hó yèè lẹ́yìn òkè. Àwọn ará ilé tú jáde, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń kì í, wọ́n ń yìnbọn ayọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tó ti sé mọ́lẹ̀ ti já lu Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ara obìnrin fi àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣe, ara tirẹ̀ ní láti ṣe é láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí gbìyànjú. Ó bí obìnrin, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá.

Wọ́n mú Ọdẹ́níran wọlé tọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ kò ju fẹ́rẹ́ bí èékánná lọ. Etí aṣọ Àwẹ̀ró nìkan ló rí. Obìnrin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ọmọ.

“Bí wọ́n bá tún hó lẹ́yìn òkè,” ó ní, “gbà wọ́n gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́níran ṣe, ó gbé ọmọ lé itan lálaalẹ́, ó ń sunkún, ó ń wò ó. Alẹ́ kẹta, etí ọmọ ló rí. Alẹ́ keje, ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ní alẹ́ kẹrìnlá, tí òṣùpá pé, tí àwọn ọmọ abúlé ń ṣeré níta, ó rí ojú ọmọ náà délẹ̀. Ojú Àwẹ̀ró ni.

Ọmọ náà ló bí mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nílé tiwa, bí ó bá di ìparí oṣù, a kì í wòkè mọ́. A máa ń rán ẹnìkan gun òkè lọ bi ará Ìsàlẹ̀-Odò ni.