Ohun tí Ọdẹ́ròndé Rí Nínú Ìkarahun Ẹ̀fúnṣeyè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹ ẹ́ tán ná, nítorí ìtàn yìí korò bí ewúro tí a kò fọ̀, kò sì yẹ kéèyàn gbọ́ ọ pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu.

Ọdẹ ni Ọdẹ́ròndé ará Ìwárò, ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Ẹran tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa dágbére fún ọmọ. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ewé mì níwájú rẹ̀, ó rò pé ẹtu ni, ó yìnbọn. Kì í ṣe ẹtu. Àbúrò rẹ̀ ni, Ọ̀jẹ́lékè ahunṣọ, tó wá já ewé èlú tí yóò fi pa òwú láró. Ìbọn náà gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sọnù. Ọ̀jẹ́lékè kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, kò bú u, èyí ló sì burú jù. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síwájú òfì, tí ń wò ó bí ẹni ń wo òkú aya. Nígbà tí Ọdẹ́ròndé kò lè fara dà á mọ́, tó sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ pé iwin méjì wà ní Igbó Ẹran-ń-hù tí wọ́n mọ bí a ti í mú ẹ̀yà ara hù, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó lọ.

Odò kan là igbó náà sí méjì. Ní apá òsì ni Yèyé Ìrúdí ń gbé, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi orí àpáta, tó fi jẹ́ pé a ń rí ọkàn rẹ̀ bó ti ń sọ bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìkòkò. Ní apá ọ̀tún ni Arọ-Eegun ń gbé, eyín rẹ̀ irin, ìka rẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Wọ́n kórìíra ara wọn.

Yèyé Ìrúdí wí pé, "Ọmọ ènìyàn, tèmi ni irúgbìn ara, èyí tí ń gbé inú mùdùnmúdùn eegun, tí kò tíì pinnu bóyá ẹran ni òun yóò dà, tàbí iṣan, tàbí awọ. Ti èyí tó wà lódìkejì yẹn kò ju egungun gbígbẹ lọ. Ọ̀dọ̀ ta ni o fẹ́ kọ́ṣẹ́?"

Ọdẹ́ròndé dọ̀bálẹ̀. "Yèyé, iṣu tí kò rí ọ̀pá, ilẹ̀ ni yóò máa fà kiri. Ọ̀pá tí kò rí iṣu gùn ún, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ni mo wá."

Àwọn iwin náà rẹ́rìn-ín. Arọ-Eegun wá ní, "Nígbà náà, ìyà méjì ni o ó jẹ."

Ó jẹ ẹ́. Ní òwúrọ̀, Yèyé a fi ẹ̀gún òòrẹ̀ gún itan rẹ̀ dé inú eegun, a fa irúgbìn jáde, Ọdẹ́ròndé a sì máa fi oje igi bọ́ irúgbìn náà nínú ìkarahun ìgbín. Bí ó bá gbàgbé láti bọ́ wọn, wọ́n á kú, Yèyé á tún gún un. Ní ìrọ̀lẹ́, Arọ-Eegun a mú kó fi okùn aláǹtakùn hun àtẹ̀gùn tí irúgbìn yóò gùn kó lè mọ ẹ̀yà tí yóò dà, bí ó bá sì fi ìwọ̀n irun kan ṣì í, a fi iná jó o. Ẹni tó ń sin ọ̀gá méjì kò ní ẹ̀yìn méjì tí yóò fi gba pàṣán. Ọdún mẹ́fà kọjá bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ẹ̀fúnṣeyè, tí àrùn olóde gba ojú òsì rẹ̀. Òun ló fún Ọdẹ́ròndé lóúnjẹ lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀dọ̀ Yèyé nìkan ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ní ọdún keje, àwọn iwin náà kéde pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jáde kúrò nínú igbó lọ́dún náà. Ẹ̀fúnṣeyè gbé ìkarahun rẹ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti tó láti fi sójú?"

Ọdẹ́ròndé wò ó. Ó rí i pé irúgbìn náà ń hù láìní àtẹ̀gùn, pé ìdajì wọn kò tíì mọ ohun tí wọn ó dà. Ó rántí òfì tó dákẹ́ nílé.

"Ó ti tó," ló wí.

Ẹ̀fúnṣeyè fi í sí ihò ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, irun yọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, eyín yọ, eyín gidi, funfun, ó ń hù sínú. Ogójì ọjọ́ ló fi kú.

Lẹ́yìn náà, ẹbọra márùn-ún tó jẹ́ àgbà igbó náà jókòó láti yẹ Ọdẹ́ròndé wò. Wọ́n bi í léèrè irúgbìn, ó dáhùn. Wọ́n bi í léèrè àtẹ̀gùn, ó dáhùn. Èyí tó dàgbà jù wá wí pé, "Kí lo rí nínú ìkarahun Ẹ̀fúnṣeyè?"

Ọdẹ́ròndé dáhùn pé, "Mo rí ikú rẹ̀."

Àwọn ẹbọra wo ara wọn. "Ó mọṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tó kọ́ ọ̀kan kò ní rí i. Máa lọ, o ti yege."

"Ẹ kò ní fi ìyà jẹ mí?"

"Ìmọ̀ la wá yẹ̀ wò. Ta ló sọ fún ọ pé a ń yẹ ìwà wò?"

Ó délé, ó mú ọwọ́ hù fún Ọ̀jẹ́lékè. Ìka márààrún jí, òfì tún ń ró. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ gbọ́ bó ṣe jẹ́, ó dá iṣẹ́ dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ fún ìyá Ẹ̀fúnṣeyè. Bí ẹ kò bá lọ, ẹ wá gba ọwọ́ yín."

Ọdẹ́ròndé lọ. Ìyá arúgbó náà gbọ́ ọ títí dé òpin, kò sunkún. Ó wá bi í pé, "Ó bi ọ́ léèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Ó pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tó kú, wá síbí, kí o tún un sọ fún mi. Má fo ọ̀kankan."

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń lọ, títí ìyá náà fi kú. Lẹ́yìn náà, ó ṣì ń lọ, ó ń sọ ọ́ fún ilé òfìfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da ìmọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra, ẹ óò ríran ju ẹnìkejì yín lọ. Ọjọ́ tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá tó ní kí ẹ bá òun wò ó, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó gbé e sójú.