Ẹni Tó Dáhùn sí Orúkọ Àdùbí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rọra yọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó dá lórí Àdùbí, ọmọ Ọdẹ́wálé àgbẹ̀. Ẹ sún mọ́ iná. Orin wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa gbè é. Mi ò fẹ́ ẹni tí yóò kàn la ẹnu sílẹ̀ máa wò mí.

Ilé Ọdẹ́wálé ló kángun sí igbó. Nítorí náà, wọ́n ní àṣà kan. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, bàbá á dá orin, á fi máa pe àwọn ọmọ. Ọmọ tí bàbá bá pè á dáhùn. Bí wọ́n bá dáhùn tán, ìyá á ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ta ló wà nílé?
Jìngbìnrìn!
Àyọ̀ká ńkọ́?
Mo wà nílé, jìngbìnrìn!
Àkàndé ńkọ́?
Mo wà nílé, jìngbìnrìn!
Àdùbí ńkọ́?
Mo wà nílé, jìngbìnrìn!

Ohùn Àyọ̀ká dùn. Ti Àdùbí ńkọ́? Háà! Gbẹ̀ẹ̀gbẹ̀ẹ̀ ló ń ró, bí ìkòkò tó sán. Lọ́jọ́ kan, Àyọ̀ká pòṣé: "Àdùbí, jọ̀ọ́, pa ẹnu ẹ mọ́. O ń ba orin jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu." Ìyá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Àdùbí jù.

Nígbà tí ilẹ̀ tún ń ṣú, bàbá pe Àdùbí, Àdùbí dákẹ́. Ni ohùn tín-ín-rín kan bá dáhùn lẹ́yìn ògiri: "Mo wà nílé, jìngbìnrìn!" Bàbá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Àdùbí, ohùn ẹ mà ti là o!" Àdùbí fẹ́ sọ pé òun kọ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Nígbà tí ìyá bu oúnjẹ, ó gbàgbé ti Àdùbí.

Ìrọ̀lẹ́ kejì dé. Bàbá pe Àdùbí, Àdùbí dákẹ́. Ohùn náà dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ajá wọn fi ìrù sábẹ́, ó sá wọ yàrá. Nígbà tí Àyọ̀ká tẹ́ ẹní, kò tẹ́ ti Àdùbí.

Ìrọ̀lẹ́ kẹta dé. Bàbá pe Àdùbí, ohùn náà dáhùn, ó ti jókòó sórí àpótí Àdùbí nídìí ààrò. Ó fi ìborùn Àdùbí borí. Iná ń jó, kò sì ní òjìji. Àdùbí fúnra rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ sínú igbó, wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Bàbá ní, "Wọ́n ti pé. Ìyá Àyọ̀ká, ti ilẹ̀kùn."

Ìyá di ilẹ̀kùn mú. Ni àgbébọ̀ adìẹ tó kó ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá bá sọ̀rọ̀: "Kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀! Ìyá Àyọ̀ká, bí òròmọdìẹ mi bá ké, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó jókòó yìí, ìwọ lo bí i?"

Ìyá wo orí àpótí. Ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín ìyá fúnra rẹ̀ ni, èyí tó rín lọ́jọ́sí.

"Yéè! Ọmọ mi ò sí nílé!"

Àyọ̀ká bú sẹ́kún: "Èmi ni mo ní kó dákẹ́!" Gbogbo wọn kọjú sí igbó, wọ́n gbé orin sókè: Àdùbí ńkọ́? Nǹkan náà la ẹnu láti dáhùn, Àyọ̀ká fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Òtútù rẹ̀ wọ Àyọ̀ká léegun, síbẹ̀ kò mú ọwọ́ kúrò. Wọ́n tún pè. Wọ́n tún pè, ni ohùn kan bá ró gbẹ̀ẹ̀ létí igbó:

Mo ń bọ̀ wálé, jìngbìnrìn!

Fììì! Ìborùn bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Àdùbí sáré wọlé, ìyá gbá a mọ́ra, ó ń sunkún.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí: ẹ má pa ọmọ ilé lẹ́nu mọ́ nínú orin ilé. Àyè tó bá ṣófo, ohun tí a ò pè ló máa ń wá jókòó síbẹ̀.

Ó yá, kí n ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìwọ Fadérera, láti ìgbà tí a ti ń gbe orin, mi ò rí i kí ètè rẹ mì. Ohùn dídùn kan sì ń ti ẹ̀yìn rẹ wá.

Fadérera ńkọ́?