Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Bi Onílé Léèrè Kí Àlejò Tó Wọlé

Nígbà láéláé, kí wọ́n tó bí ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, kọ̀ǹpútà kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò wọlé. Ohun tó bá gbé dání, ibi tó bá wù ú ni yóò gbé e sí. Nígbà náà, ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn.

Kọ̀ǹpútà àgbàlagbà kan wà nílé Mojírayọ̀, obìnrin tó ń ya fíìmù ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Bàbá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Àlùmọ́gàjí nìkan ló ń bá a gbé. Òun ni ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń gé fíìmù, tó sì ń tò ó. Inú àpótí ni gbogbo fíìmù ń gbé, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣí wọn. Orí ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi í kọ́ sí. Ó ti mọ́ Àlùmọ́gàjí lára débi pé kì í wò ó mọ́ kó tó nawọ́ mú un.

Àpótí kan wà níbẹ̀ tí Mojírayọ̀ kò fi ṣeré rárá. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, ó ya ara rẹ̀ ní fíìmù, ó tì í mọ́ inú àpótí náà, ó sì sọ fún Mojírayọ̀ pé, "Orúkọ ọmọ inú rẹ wà níbẹ̀. Má ṣí i títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ." Ìyá náà kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Mojírayọ̀ bí ọmọbìnrin.

"Yétúndé ti dé!" ni gbogbo ẹbí ń wí.

"Ẹ ní sùúrù," ni Mojírayọ̀ ń dá wọn lóhùn. "Ìyá mi ti sọ tẹnu rẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wù ú kí òdòdó yí àwòrán ìyá rẹ̀ ká. Àlùmọ́gàjí kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni Mojírayọ̀ bá pe Abẹ́rẹ́ wá, ètò tuntun tó ń ṣe fíìmù lọ́ṣọ̀ọ́.

Abẹ́rẹ́ wọlé tòun ti ẹrù. Ó rí kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó yínmú. "Èyí mà ti gbó o," ló wí. Ó jù ú sórí ààtàn, ó sì fi tirẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Kò ro ibi. Ó rò pé òun ń tún ilé ṣe ni.

Bàbá Kọ̀ǹpútà rí i. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ni pé a kì í tú ẹrù àlejò wò. "Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní arúgbó yìí ti ń yọnu," ló rò lọ́kàn. Ó dákẹ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ẹbí jókòó pitimu. Oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà nílẹ̀. Àlùmọ́gàjí nawọ́ sí ìṣó bó ti máa ń ṣe, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpótí. Kọ́kọ́rọ́ wọlé, kò yí. Ó fi agbára yí i, ó há.

"Ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ mi?" ni Àlùmọ́gàjí kígbe.

"Tèmi lo mú lọ́wọ́ yẹn!" ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Fi í sílẹ̀!"

Wọ́n dì mọ́ ọn. Èyí ń fà á sọ́tùn-ún, ìyẹn ń fà á sósì. Ilé Bàbá Kọ̀ǹpútà kò gba ìjà àwọn méjèèjì. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó mí, ó mí, ó dákú. Etí àpótí sì fọ́.

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní Yétúndé, kó tán," ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ wí. "Oòrùn ti ń ga."

Ẹkún gbọ̀n Mojírayọ̀, ṣùgbọ́n kò lu kọ̀ǹpútà. Ó jẹ́ kí ara Bàbá tutù, ó jí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Bàbá, ta ló dé ìdí kọ́kọ́rọ́?"

Bàbá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó rí.

"Bàbá, ṣebí wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun rèé lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ wà ńlé, ẹ sì dákẹ́?"

Ojú ti Bàbá.

Mojírayọ̀ ti Àlùmọ́gàjí àti Abẹ́rẹ́ mọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tú ààtàn. Ọlọ́run bá a ṣe é, wọn kò tíì dáná sun ún. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wà lábẹ́ pàǹtí. Ó fi í lé Àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó yọ tuntun tó há sí àpótí, ó sì fi í lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Kí kálukú máa mú tirẹ̀ sùn," ló wí. "Bí ọ̀kan bá sì ń ṣiṣẹ́, kí èkejì jókòó."

Àpótí ṣí. Ṣùgbọ́n ibi tó ti fọ́ ti fọ́. Orin kan ni ìyá náà kọ́kọ́ kọ fún ọmọ. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Mojírayọ̀ tẹjú mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀ títí orin náà fi parí, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó dùn ún wọra. Lẹ́yìn náà ni ohùn tó dé.

"Wọn á fẹ́ máa pè é ní Yétúndé. Má gbà fún wọn. Èmi ti lo ayé tèmi, ẹ jẹ́ kó lo tirẹ̀. Mi ò ní fojú rí i, ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ mi, wàá rí i, wàá sì kẹ́ ẹ. Moríyìíkẹ́ ni kí ẹ pè é."

Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n sì pè é ní Moríyìíkẹ́. Kò sẹ́ni tó tún rántí òdòdó.

"Ìdákẹ́ mi ló gbé orin yẹn lọ," ni Bàbá Kọ̀ǹpútà wí. "N kò ní dákẹ́ mọ́ láé."

Láti ọjọ́ náà ni ètò kọ̀ọ̀kan ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ rìn, tí ẹrù wọn sì fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò yíjú sí onílé, tí yóò ní, "Ṣé ẹ gbà kó wọlé? Ṣé ẹ gbà kó fọwọ́ kan nǹkan ilé?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí yín. Ẹ kì í ka ìbéèrè náà tán kí ẹ tó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ máa kà á. Orin tí Moríyìíkẹ́ kò gbọ́ ni wọ́n fi ra ìbéèrè yẹn.