Òótọ́ Tí A Sọ Lórí Ìdúró

Ọkùnrin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kọ́ kékeré kan mọ́ ẹ̀kọ́ ńlá tó bá wá. Òun mú ẹ̀kọ́ ọgbọ́n orí àti ẹ̀sìn, torí ó gbọ́ pé kò sí ìṣirò níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Wòlíì, ìgbà wo lo máa dá ìjọ tìrẹ sílẹ̀? Àwa la máa bá ẹ wọn ilẹ̀ rẹ̀."

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kékeré náà wọ̀ ọ́ lára. Ìbéèrè kan ló gbà á lọ́kàn jù: ǹjẹ́ irọ́ kan wà tó dára? Ó rò ó títí, ó ní kò sí. Ẹni tó bá purọ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀, kódà láti fi ṣàánú rẹ̀, ti sọ ọ́ di ọmọdé. Ó gbé àròjinlẹ̀ yìí kalẹ̀ níwájú kíláàsì, kò sì sí ẹni tó lè já a ní koro. Láti ìgbà náà ni ó ti pinnu pé òun kò ní purọ́ mọ́, ó sì dúró lórí ìpinnu rẹ̀.

Ọdún náà ni ọkọ̀ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa ní ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Òun ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, òun náà ló sì gbé ìròyìn lọ sílé.

Ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àgbà ẹbí, bí àṣà. Àgbà náà gbọ́, ó dorí kodò.

"Má tíì lọ bá ìyá rẹ," ni ó wí. "Jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe àwọn ìyàwó ilé. Wọn á kọ́kọ́ sọ fún un pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ ni kò yá."

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Mo gbọ́."

"Irọ́ lẹ wá fẹ́ pa fún un yẹn, sà."

"Àjàní, òótọ́ náà kò ní sá lọ. Jẹ́ kí obìnrin náà jẹun."

Ṣùgbọ́n ó ti dìde. Lójú rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá gbé nínú irọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, òun ló dè é mọ́ ibẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí i ló ń mú un yára rìn.

Ìyá náà ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, òun nìkan. Bó ṣe rí ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ti fún yín ní ìsinmi ni? O mà ti rù. Àbí ọgbọ́n tí ò ń kọ́ yẹn kì í jẹ́ kó o jẹun ni?"

Ọmọ náà kò dọ̀bálẹ̀, kò jókòó. Ó ní, "Màmi, ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wo?" ni ìyá náà bèèrè, bí ẹni pé ó bí púpọ̀.

Ó dárúkọ Adéyanjú.

Obìnrin náà ṣubú síwájú. Kò sí ẹnì kankan lápá ọ̀tún rẹ̀, kò sí lápá òsì, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú agbada gbígbóná. Ọmọ náà fà á yọ, ṣùgbọ́n awọ ọwọ́ náà ti bó. Àwọn ìyàwó ilé sáré dé, wọ́n jókòó yí i ká. Nígbà tí egbò náà jinná, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì là mọ́.

Ìyá kò bá ọmọ wí. Ọmọ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, níbi tó ti ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu.

"Màmi, mi ò fẹ́ kí wọ́n tàn yín ni."

"Ta ni wọ́n fẹ́ tàn?" ni ó wí. "Bí ìyàwó ilé mẹ́ta bá jọ wọlé tọ̀ mí, tí wọ́n gba igbá lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ní ara ọmọ mi ò yá, ṣé mi ò ní mọ̀ ni? Èmi náà ti bá wọn lọ sílé ẹlòmíì rí. Kò sí ìyá tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ kí ọwọ́ wọn lè tó èèyàn lára ni."

Ó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì. "Ọmọ mi ì bá kú náà ni, Àjàní. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti wà lórí ẹní, ẹnìkan ì bá sì dì mí mú."

Ọkùnrin tí kò sí ẹni tó lè já àròjinlẹ̀ rẹ̀ bu òkèlè mìíràn sí i lẹ́nu.

Ìwọ tí ò ń rò ó bóyá kí ọmọ rẹ fi ọgbọ́n orí àti ẹ̀sìn kún ẹ̀kọ́ tí yóò fi jẹun, jẹ́ kó kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ayé lè má dán an wò nínú ẹ̀kọ́ ńlá rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n yóò dán an wò nínú kékeré yìí. Sọ fún un pé kó tó pe ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní irọ́, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń tàn. Ìwọ náà, ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹnìkan. Má dá lọ. Gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jókòó tì í, kí o dì í mú, kí o tó la ẹnu.