Ẹní Ìlú Mẹ́fà

Àyè kì í há lórí ilẹ̀,
Inú ènìyàn ni í há.
Ẹni tó gbàgbé ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé
Ni í kọ́kọ́ sáré ti ìlẹ̀kùn.
A díá fún Aróyèwún, olùtọ́jú ẹní ìlú mẹ́fà, lọ́jọ́ tí àárò ayé àtijọ́ ń sọ ọ́, tó fẹ́ kí ó padà wá.

Ìlú mẹ́fà ló mulẹ̀ nígbà náà pé ogun ẹnìkan, ogun gbogbo àwọn ni. Mẹ́ta wà níhìn-ín odò, mẹ́ta wà lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fẹ́ gbìmọ̀, aṣojú ìlú kọ̀ọ̀kan á wá sí Òkè-Àgbàrá, wọn á jókòó sórí ẹní ìko kan ṣoṣo. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò bá kan ẹní náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan ìgbìmọ̀. Aróyèwún, aṣojú Òkè-Àgbàrá, ló ń tẹ́ ẹ, òun ló ń ká a. Ọdún tó di olùtọ́jú ló rán aṣọ pupa mọ́ etí rẹ̀ yí ká, kí ẹní lè níyì bí ẹni tó ń tẹ́ ẹ.

Odò-Ìko, ìlú àwọn ahunní létí odò, fẹ́ ṣe ìkeje. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé kí ogun má kó wọn lẹ́rú. Wọ́n rán Ẹfúnpọ̀róyè, Ìyálóde wọn, sí ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ní odi wọn kúrú. Wọ́n mọ ọ́n ga sí i. Lọ́dún kejì, ìgbìmọ̀ ní bodè wọn kò pé mẹ́ta. Wọ́n lu méjì kún un. Lọ́dún kẹta, wọ́n ní ọjọ́ ọjà wọn kò bá tàwọn mu. Wọ́n yí ọjọ́ ọjà padà. Odi Òkè-Àgbàrá fúnra rẹ̀ ti wó lápá kan, ewúrẹ́ ń gba ibẹ̀ lọ jẹko. Ṣùgbọ́n ta ni í rí ìpàkọ́ ara rẹ̀?

Lọ́dún kẹrin, Ẹfúnpọ̀róyè tún dé.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa. Èwo ló tún kù?”

Aróyèwún wo ẹní láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìyálóde, ẹní ti kún.”

“Ẹní tí àwa hun fún yín, bàbá?”

“Ìyẹn ò ní kó má kún.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó tún ìró ró, ó gba ilé lọ.

Ká sòótọ́, ẹní kọ́ ló ká Aróyèwún lára. Ó rántí ìgbà tí ìgbìmọ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, tí bàbá rẹ̀ jókòó láàárín wọn, tí òórùn ìko tútù gba gbogbo ilẹ̀. Iṣu sísun kan ń tó wọn. Bí ẹnì kan bá dá àpárá sílẹ̀, àwọn méjì yòókù ti mọ ibi tó ń lọ, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, àpárá gba àlàyé.

Ó gbé àárò yìí lọ sọ́dọ̀ Ifá. Ifá ní ayé àtijọ́ tó ń wá ń bọ̀. Ó ní kó rú ẹyẹlé méjì, obì mẹ́rin, àti aṣọ pupa etí ẹní. Aróyèwún gbé ẹyẹlé kalẹ̀, ó gbé obì kalẹ̀. Nígbà tó kan aṣọ, ó ní, “Ifá náà ń wojú aṣọ?” Ó fi aṣọ sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Àwọn ará òdìkejì odò kò dé. Oòrùn kan àtàrí, wọn kò dé. Aróyèwún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Ọkọ̀ Odò-Ìko ló ti ń gbé wọn wá láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé; kò sẹ́ni tó rántí kà á sí. Ẹfúnpọ̀róyè jókòó, ó ń hun ẹní.

“Ìyálóde, àwọn ará òdìkejì dà?”

“Wọ́n wà lébùúté lọ́hùn-ún, bàbá. Wọ́n ń juwọ́.”

“Ẹ bá wa gbé wọn wá.”

“Ọkọ̀ wa ti kún.”

Aróyèwún wo inú ọkọ̀. Adìyẹ kan ló sàba síbẹ̀.

Ó padà sí ìgbìmọ̀. Àwọn mẹ́ta ìhín odò jókòó, ẹní fẹ̀ bí ọjọ́ àtijọ́. Aróyèwún dá àpárá bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjì yòókù, ọmọ àwọn àgbà ìjọ́sí, tẹjú mọ́ ọn. “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá?” Ara ẹní tutù.

Lálẹ́yẹ ará Ìdí-Ọsàn, ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, ló sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí bàbá mi sọ fún mi ni pé bàbá yín ló dé kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta. Ọdún kan gbáko ló fi ìdí kan jókòó sórí ẹní, tó fi ìdí kan jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní ẹní ti kún. Ìgbà tí àwọn Odò-Ìko wá hun ún gùn sí i ló tó jókòó dáadáa.”

Òórùn ìko tútù tí Aróyèwún ń wá láti ọjọ́ yìí, àyè tí wọ́n hun fún bàbá rẹ̀ ni!

Ó dojú ẹní délẹ̀, ó fi eyín já òwú aṣọ pupa náà títí tó fi tú, tí ojú ìhun tó bò mọ́lẹ̀ sì yọ. Ó rú u. Ó gbé ẹní karí lọ sétí odò.

“Ìyálóde, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ṣeé hun gùn?”

“Ó ti pẹ́ tó ti ṣeé hun, bàbá.”

Wọ́n hun ún fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì lé adìyẹ kúrò nínú ọkọ̀. Nígbà tí ogun dé lẹ́ẹ̀rùn, ó bá àwọn ọkùnrin ìlú méje lórí odi Odò-Ìko, ó pẹ̀yìn dà. Ní ìgbìmọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ẹfúnpọ̀róyè dá àpárá kan sílẹ̀. Aróyèwún kò mọ ibi tó ń lọ. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òórùn ìko tútù gba gbogbo ilẹ̀.

Ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní:
Mo rú ẹyẹlé, mo rú obì,
Mo fi aṣọ pamọ́, ire dúró lébùúté.
Mo tú aṣọ, ire wọkọ̀.
Ẹbọ tí ó bá dun ni láti rú ni í tètè dà;
Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn, ẹní rẹ̀ kì í kún.