Àgbọ̀nrín Tí Wọ́n Fi Okùn De Ìwo Mọ́ Lórí

Ọkùnrin kan wà láyé ọjọ́un, nígbà tí àgbọ̀nrín ńlá ṣì ń rìn lórí ilẹ̀. Irú rẹ̀ ti tán báyìí, egungun rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń hú nílẹ̀. Ó ga ju ẹṣin lọ. Bí ọkùnrin méjì bá nà gbọọrọ sílẹ̀, tí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ìwo rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Lọ́dọọdún ni ìwo yìí máa ń já bọ́, tí òmíràn á sì hù.

Ọkùnrin yìí rí ọmọ àgbọ̀nrín kan he nínú igbó, ó sìn ín dàgbà. Nígbà tí ìwo rẹ̀ yọ, tó fẹ̀, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ẹni tí wọn kì í kí tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń yà kí nílé. Ó dùn mọ́ ọn. Mi ò bá a wí, ta ni irú ẹ̀ ò ní dùn mọ́?

Àsìkò tó tí ìwo fẹ́ já. Ó ti ń mì lórí ẹran. Ọkùnrin yìí bá wá okùn, ó so ìwo mọ́ ọrùn ẹran, ó tún so ó mọ́ ẹ̀ka igi tó wà lókè, kó má baà bọ́. Ẹran ò lè tẹ orí sílẹ̀ jẹko mọ́. Koríko tí wọ́n bá gbé sí i lẹ́nu, á kàn gbóòórùn rẹ̀ ni, kò ní jẹ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, ṣé ìwo lẹ ń sìn ni, àbí ẹran?"

Ọkọ ní, "Tí ìwo bá já, ta ló máa yà kí wa?"

"Tí ẹran bá kú ńkọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa yà kí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹran kúnlẹ̀, kò lè dìde. Ìyàwó na ọ̀bẹ sí ọkọ rẹ̀.

"Kí n pa á?"

"Okùn ni kí ẹ gé."

Ó gé e. Ìwo bọ́ lulẹ̀, gbì, díẹ̀ ló kù kó já lé e lẹ́sẹ̀. Ẹran gbọn orí, ó rọra dìde, ó forí lé ọgbà ẹ̀fọ́ ìyàwó, kò ṣẹ́ ewé kan kù níbẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Orí ìwo yẹn ló wá ń sá aṣọ sí. Nígbà tó sì yá, ìwo tuntun hù, torí pé ẹran wà láàyè.

Ìyá Jírọ́lá, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọdún tó o fi ṣe alága ẹgbẹ́ alálùbọ́sà ti pé, ẹlòmíràn ti gbà á. O ṣe é dáadáa. Àmọ́ láti ìgbà náà lo ti jókòó sílé, o ní o ò lè padà wá sídìí igbá bí ẹni tí kò jẹ́ nǹkan kan rí. Alùbọ́sà rẹ ti ń hù nínú àpò, àwọn ọmọ rẹ ń jẹ gààrí gbígbẹ. Ìwo ti já. Okùn lo dì mú yẹn. Gé e, kó o máa bọ̀ lọ́la. A ò ní dìde kí ọ o, n ò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n a máa sún fún ọ lórí bẹ́ǹṣì.